Àwọn Aláìsàn Ló Ń Kọjá

…eléyìí tún wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Mo gbọ́ bí ilẹ̀ bàálù ṣe kérora nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Sójà méjì ló gbé e wọlé, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ gbé bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn tó ń gbé aláìsàn wọ ibí gan-an kì í rọra tó bẹ́ẹ̀. Àpótí ọta ìbọn ni. Mo lè pè é ní nǹkan mìíràn, mo lè máa pè é ní ẹrù bí ọ̀gá ibùdó ṣe ń pè é — "ẹrù díẹ̀ ni, Nọ́ọ̀sì, ẹ má wẹ̀yìn" — àmọ́ mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Ẹni tó kọ ọ́ kò tiẹ̀ tijú.

Kí ni mò ń ṣe níbí?

Mo jókòó. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Mo jókòó sórí ìjókòó mi àtijọ́, lẹ́nu ilẹ̀kùn, pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo lọ̀ láàárọ̀ yìí. Èmi fúnra mi ni mo lọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Lóde, oòrùn mú sára bàálù, àgbélébùú pupa tí wọ́n kùn sí i lára tóbi tó ilẹ̀kùn ilé. Òmíràn wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, òmíràn lórí apá rẹ̀ méjèèjì, kí ẹni tó wà nílẹ̀ àti ẹni tó wà lókè lè rí i. Àmì àwọn aláìsàn. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ yìnbọn. Òfin ogun ni, tàwa tọ̀tá la jọ fọwọ́ sí i. Gbogbo ara bàálù yìí ló ń pariwo lónìí pé aláìsàn ló wà nínú òun, aláìsàn kan ṣoṣo kò sì sí níbẹ̀.

Wọ́n ti tú àwọn ibùsùn. Mo ń rí wọn láti ibi tí mo wà, wọ́n fi wọ́n ti ara ògiri ilé ìkẹ́rùsí, ẹsẹ̀ wọn wà lókè, bí ẹrù ẹni tí onílé lé jáde.

Lánàá ni ọ̀gá ibùdó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu tíì fún mi — ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn. Kí ló kan ọ̀gá sójà kan tíì bíbù? "Nọ́ọ̀sì, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti fò kẹ́yìn. Lọ́la, ẹ ó fò." Kó tó sọ̀rọ̀ mìíràn, àyà mi ti sọ kúlú. Ti ayọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹ̀rù. Bí ọmọdé tí wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà. Ìgbà tí ayọ̀ yẹn ti wọlé jókòó tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ èyí tó kù. Pé àwọn ọmọ ogun wa tó wà lẹ́yìn òkè ti há. Pé ọ̀nà ilẹ̀ ti dí. Pé bàálù wo ló tún lè gba orí òkè yẹn kọjá, tí wọn ò ní já a bọ́, bí kò ṣe eléyìí? "Ẹ kàn máa jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí wọ́n rí aṣọ funfun. Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan." Ó wá fi ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lé e, wọ́ọ́rọ́wọ́:

"Àbúrò yín wà lára wọn. Ṣé ẹ mọ̀?"

Ṣé mo mọ̀. Ó ń bi mí bóyá mo mọ̀.

Àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ẹ̀yìn mi ló gbé tó fi mọ̀ ọ́n rìn. Títí dòní, bí mo bá tẹ̀ síwájú, mo ṣì ń nà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ. Ó pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn rẹ̀ ń já. "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti ń ṣọ́ ọta lò. Ẹ má sọ fún Màámi o." Mi ò sọ. Àmọ́ ta ló ń fi nǹkan pamọ́ fún ìyá? Màámi ń wò mí lójú nídìí oúnjẹ: "Ìwọ tó o máa ń fò káàkiri yìí, ṣé o ò lè yà wò ó fún mi ni?" Kí n yà wò ó. Bí ẹni pé ojú ogun wà lójúlé kejì.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó síbí. Nítorí rẹ̀ ni. Bí àpótí yìí bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ó lè yè. Bí kò bá dé… Mi ò fẹ́ parí ìyẹn.

Wọ́n tún ti lọ gbé òmíràn wá.

Bàálù kan náà ni. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ béèyàn bá fara balẹ̀ — epo ẹ́ńjìnnì, oògùn ìfọgbẹ́, àti òógùn àwọn tí ara ń ro. Ta ló ń ṣàárò irú òórùn bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Mò ń ṣàárò rẹ̀ bí ẹni tó ṣàárò ilé ìyá rẹ̀.

Baba Jẹ́jẹ́ ló ń wà á nígbà náà. Ó ní orúkọ nínú ìwé àwọn sójà, àmọ́ Baba Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń balẹ̀. Àwọn awakọ̀ bàálù yòókù á sọ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn. Tirẹ̀ dà bí ìgbà tí abiyamọ bá ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí ẹní. Aláìsàn á máa bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo la máa balẹ̀?" nígbà tí a ti balẹ̀ tipẹ́. "Òfuurufú kì í dun egungun tó ṣẹ́," Baba Jẹ́jẹ́ á wí. "Ilẹ̀ ló ń dùn ún." Bí wọ́n bá sì ń gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀, á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, á máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ó dàárọ̀ o. Ó dàárọ̀." Bó jẹ́ ọ̀sán gangan, ó dàárọ̀ ni. Mo bi í léèrè nígbà kan. Ó ní ẹni tí wọ́n bá kí báyẹn á mọ̀ pé àwọn ń retí òun kí òun jí.

Ìrókò náà… áà, Ìrókò. Ọkùnrin tó ń bá mi gbé ibùsùn aláìsàn. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ó lè gbé ọkùnrin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ẹ̀rù bàálù ń bà á bí ẹ̀rù òjò ṣe ń ba ológbò. Tí a bá ti fẹ́ gbéra, á di ojú pọ̀, á di irin ìjókòó mú, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ọjọ́ kan ni ọmọ ogun kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ́ yángá na ọwọ́ láti orí ibùsùn, ó di ọwọ́ Ìrókò mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú sùúrù. Ó máa tó tán." Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Baba Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí tí ojú rẹ̀ fi ṣomi, ó ní tí kì í bá ṣe pé òun ló ń wa bàálù, òun ì bá yí lulẹ̀.

Àti télọ̀ ìjọ́sí, tí ọta bà ní itan. Mo ti mú sísọ́ọ̀sì láti gé ṣòkòtò rẹ̀ kí n lè rí ojú ọgbẹ́, ló bá di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ìrora ni. "Nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín, ẹ tú u lójú rírán. Ẹ má gé e. Aṣọ gidi ni." Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Mo tú u lójú rírán. Kí ni kí n ṣe? Mò ń tú u, òun ń júwe, "níbẹ̀ yẹn, ẹ fà á díẹ̀, okùn á yọ," Ìrókò sì ń di ojú ọgbẹ́ náà mú, ó ń ṣépè fún gbogbo télọ̀ ayé. Ó wá rán ṣòkòtò kan fún mi lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá. Kò bá mi mu. Mo ṣì ní in.

Ṣé ogun náà ni? Ogun náà ni. Ènìyàn ń kú nígbà náà pẹ̀lú, mo fi ọwọ́ mi pa ojú ọ̀pọ̀ dé. Kí ló dé tí mo fi ń rántí rẹ̀ bí ẹni tó ń rántí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dùn? Bóyá torí pé… nígbà yẹn, bí mo bá jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, mi kì í bẹ̀rù ilẹ̀. Mo máa ń wò ó. Odò, igi, òrùlé, lẹ́yìn náà òkè olókùúta tí ìbọn ńlá àwọn ọ̀tá wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Baba Jẹ́jẹ́ ti máa ń dẹ bàálù wálẹ̀, tí á máa rọra lọ. Ìrókò á ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré." Baba á ní, "Bí mo bá sáré, wọ́n á rò pé mo jí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí wa dáadáa."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí wa dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí ọ̀gá ibùdó náà ń fẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà.

Àbúrò mi gun bàálù yìí rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, ọta ti gba àyà rẹ̀ kọjá, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ni títí Ìrókò fi nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Mi ò sunkún. Ọwọ́ mi ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì kan ní òun ò ṣe mọ́, ó ń rú èéfín, a sì ń fò lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, a ń fẹ́ẹ̀ fi ikùn nu orí igi. Bí a ṣe kan òkè olókùúta, Ìrókò di ojú pọ̀.  Mo di ẹnu ilẹ̀kùn mú, mo sì ń wo àwọn òkúta yẹn, mo ń retí. Kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ nìkan. A kọjá.

"Ó dàárọ̀ o," Baba Jẹ́jẹ́ kí àbúrò mi nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ ti mọ́ ni?"

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè yẹn. Ọmọ ogun ọ̀tá kan ló sọ ọ́ fún mi. A rí i létí odò, ibà ti mú un, ikùn rẹ̀ ti wú. A gbé e. Aláìsàn kì í ní ẹ̀gbẹ́ ogun. Ìrókò fi ọ̀já dè é mọ́ ibùsùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo tú u díẹ̀ nígbà tí kò wò. Ni ọkùnrin náà bá ní:

"Nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ yín."

Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìdí ìbọn ńlá lèmi máa ń wà, lórí òkè. Bí bàálù yín bá yọ, ọ̀gá wa á ní, ẹ gbọ́wọ́ kúrò, àwọn aláìsàn ló ń kọjá. A ó gbọ́wọ́ kúrò. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ ṣí fìlà."

Mo bi í bóyá ó rántí ìrọ̀lẹ́ tí a kọjá pẹ̀lú èéfín. Ó rántí. Ó ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ló le jù. Ó ní wọ́n ti gbé òkú àbúrò ọ̀gá wọn wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ ìyá rẹ̀, ìbọn tiwa ló pa á. "Ẹ ń lọ bí ẹyẹ tó ṣẹ́ lápá. Ẹ ò jìnnà. Gbogbo wa ń wo ojú ọ̀gá. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ó ní, àwọn aláìsàn ló ń kọjá."

Mo lọ sọ fún Baba Jẹ́jẹ́ níwájú.  Ó tú tíì inú ife tirẹ̀ fún mi, ó ní kí n gbé e fún ọkùnrin náà, kí n rí i pé kò gbóná jù.

…ọ̀rọ̀ ń lọ lóde. Awakọ̀ tuntun náà ni, ó ń bá àwọn tó ń gbé àpótí ṣeré. Ọmọ dáadáa ni. Ó tẹrí ba díẹ̀ kí mi láàárọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀gá nínú bàálù. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé wọn kì í yìnbọn lu eléyìí. Mo sọ fún ìyàwó mi, ó ti wá ń sùn." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n sọ? Pé kì í ṣe ọ̀dà pupa yẹn ló ń dá ìbọn dúró? Pé ènìyàn kan ni, tó jókòó sórí òkúta, tó ń wo òkè?

Baba Jẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Kò bínú, kò ké. Ó ní, "Kò burú. Ẹ wá ọ̀dà. Ẹ pa àmì yẹn rẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn, òkè àti ìsàlẹ̀. Tó bá ti gbẹ, màá wa ọta yín lọ síbikíbi." Ọ̀gá ibùdó rẹ́rìn-ín. "Baba, tá a bá pa á rẹ́, ta ló máa gba orí òkè yẹn kọjá?" Baba ní, "Èmi." Ẹ̀rín yẹn kú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó lọ sinmi nílé, pé ọjọ́ orí ti dé. Ó kó ife rẹ̀ àti súwẹ́tà rẹ̀, ó gba ẹnu géètì jáde, ó ń rọra lọ bó ṣe máa ń rọra balẹ̀. Ìrókò tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ò lè máa bẹ̀rù pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Èmi dúró. Mo ní wọ́n ṣì máa nílò nọ́ọ̀sì. Mo ń lọ sí pápá bàálù láràárọ̀, mo ń wo bàálù yìí láti òkèèrè, mo sì ń padà sí wọ́ọ̀dù. Òun ló dé tó fi jẹ́ pé bí ọ̀gá ibùdó ṣe ní "ẹ ó fò", mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Àbí… ṣé nítorí àbúrò mi ni mo ṣe jókòó síbí lóòótọ́?

Kí n má tan ara mi. Mo ti lọ aṣọ yìí tán kí n tó rántí rẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́, Baba Jẹ́jẹ́ ni mò ń rò, àti Ìrókò, àti òórùn ìfọgbẹ́, àti bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo rò pé bí mo bá ti jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, ohun gbogbo á padà wá bá mi níbẹ̀. Mo ti jókòó. Kò sẹ́ni tó wá. Àpótí ló wà lẹ́yìn mi.

Òótọ́ ni pé bí mo bá kọ̀, wọ́n á wá ẹlòmíràn. Ọ̀gá ti sọ ọ́. "Aṣọ funfun kò wọ́n, Nọ́ọ̀sì." Òótọ́ náà sì ni pé àbúrò mi wà lẹ́yìn òkè, ọta ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wúwo. Mo gbé wọn, mo tún gbé wọn…

Tí wọ́n bá pa àmì náà rẹ́ ńkọ́? Tí àgbélébùú kankan ò bá sí lára ẹ̀, tí mo bọ́ aṣọ yìí, tí mo wọ ṣòkòtò télọ̀ ìjọ́sí — ṣé màá tẹ̀ lé wọn gba orí òkè yẹn kọjá nítorí àbúrò mi, kí ìbọn máa wò wá?

Màá lọ. Ẹ̀rù á bà mí ju Ìrókò lọ, àmọ́ màá lọ.

Ohun tó ń dà mí láàmú níbí wá kì í ṣe ẹ̀rù. Kì í sì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn àbúrò mi.

Wọ́n wà lórí òkè nísinsìnyí, nínú oòrùn yìí kan náà. Bóyá ọ̀gá wọn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò mọ ojú rẹ̀, mi ò mọ ohùn rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Á gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Á wòkè. Á rí pupa, á rí funfun lẹ́nu ilẹ̀kùn. Á ní kí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò. A ó kọjá, a ó sì gbé ọta tí wọn ó fi pa àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àbúrò òun ti kú, òkú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò. Àbúrò tèmi ṣì wà láàyè. Ọkùnrin yẹn ló fi í fún mi.

Ohun tí mò ń ṣàárò láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Mo pè é ní bàálù, mo pè é ní Baba Jẹ́jẹ́, mo pè é ní ìgbà tó dùn. Ọwọ́ tí ẹni tí mi ò rí rí gbé kúrò nídìí ìbọn ni, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, tí mo fi ń wo ilẹ̀ láìbẹ̀rù.

Wọ́n ti gbé èyí tó kẹ́yìn wọlé. Awakọ̀ tuntun ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́nà ibí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Òun ni màá kọ́kọ́ sọ fún pé mi ò bá wọn lọ, kó lè mọ ohun tó ń gbé gba orí òkè, torí ìyàwó tó ń sùn nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá. Lẹ́yìn ọ̀gá, Màámi, èyí tó le jù. Bí àbúrò mi bá sì yè, tó bi mí pé, ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi wá — màá wí fún un pé àyè ibùsùn tí wọ́n fi gbé e là ni wọ́n to ọta sí.

Mo dìde.  Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.